Ìlà Keje Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, wákàtí mẹ́rin gbáko ni inú mi fi dùn lọ́jọ́ náà. Mi ò ní parọ́ fún yín. Láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, mo jókòó sídìí tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, mò ń fi imú kọrin, mo sì mọ̀ pé níbi tí ọ̀tá mi wà, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ara rẹ̀ jẹ́.

Àwọn kan á ní kí n kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mi ò tíì ṣe tán láti bẹ̀bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín ná.

Ẹnudùn là ń pe ọ̀tá mi yìí ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn àgbà ló ní ẹnu dùn-ún rofọ́. Tirẹ̀ dùn débi pé oníbàárà tí a ba fóònù rẹ̀ jẹ́ á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó máa lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó dé. Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní "Ẹ̀gbọ́n mi." Ọ̀gá wa ní tiwọn, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí, torí kò sí iṣẹ́ tí mo ṣe tí mi ò ní kọ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, pẹ̀lú nọ́ńbà.

Ohun tó dájà sílẹ̀ kò ju ẹ̀rọ ìkàwé kan lọ. Ẹ mọ irú rẹ̀: ó rí bíi fóònù ńlá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bíi bébà, kì í tàn yòò, ìwé nìkan ni wọ́n fi ń kà. Mo rí i nínú páálí òkú ẹ̀rọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Android, ètò tó ń darí rẹ̀, ti gbó. Bí o bá ṣí ìwé kan, o lè lọ wẹ̀, kí o sì pa dà wá bá a níbi tí o fi í sí.

Mo wá sọ fún ara mi pé n ó yọ Android yẹn kúrò, n ó fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, rọ́pò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Mo kàn fẹ́ kọ́ ọ ni. Èmi tí mi ò wọ yunifásítì, mo fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń jí láti ìgbà tí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀.

Oṣù méje ni mo fi ṣe é. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi gbafẹ́, èmi wà nínú yàrá mi, mò ń bá a jìjàkadì. Mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo jó wáyà mẹ́ta tó tín-ín-rín bí irun mọ́ inú rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà mi lè máa gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo jí i.

Ibi tó le jù níbẹ̀ ni ohun tí mo sọ ní fáìlì ojú. Inú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, fáìlì kékeré kan wà tó ń kọ́ ojú rẹ̀ bí yóò ṣe ṣe dúdú àti bí yóò ṣe ṣe funfun. Ti ẹ̀rọ yìí kò bá ti ẹ̀rọ yẹn mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe wọ́n. Bí o bá da Linux lé e lórí láìkọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì yẹn pamọ́, ó ti lọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ á máa gun orí ọ̀rọ̀, ojú ẹ̀rọ á dàrú, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń ya òmíràn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé èmi kì í fọwọ́ kan nǹkan láìṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ìlà keje ni mo kọ ọ́ sí nínú ìwé mi, mo sì fi bíírò pupa fa ìlà sí i nídìí.

Nígbà tó parí, lẹ́tà rẹ̀ lè tóbi tó ìka ọwọ́. Ìwé ń ṣí wàrà. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rìn ní ìgàkè.

Ọ̀gá ti sọ pé àwọn máa ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì, àti pé ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bá yọrí jù nínú wa ni yóò ṣe olórí níbẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ mi sínú àpótí tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní tó bá di ọjọ́ Ajé, n ó gbé e síwájú wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, eyín dá mi lóró, mo lọ yọ ọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ni olórí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ojú wọn kò ríran dáadáa. Màmá Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ẹ̀rọ ìkàwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n làwọn aláàánú kan ti fún ilé-ẹ̀kọ́ náà láti ọjọ́ pípẹ́, irú tèmi gẹ́lẹ́, gbogbo wọn ló sì ti gbó. Wọ́n ń wá ẹni tó lè sọ wọ́n di ọ̀tun.

Ẹnudùn ṣí àpótí tábìlì mi. Ó gbé ẹ̀rọ mi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní nígbà tí Màmá Tíṣà rí bí lẹ́tà yẹn ṣe tóbi tó, omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n béèrè ẹni tó ṣe é.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, mà," ni Ẹnudùn wí.

Ọjọ́ Ajé, mo wọlé tèmi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú. Ọ̀gá ń bọ Ẹnudùn lọ́wọ́.

"Akọ̀wé, o ò gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ ṣe?"

"Ọ̀gá, èmi ni mo ṣe é." Ẹnu mi wú, ọ̀rọ̀ náà jáde bíi ti ẹni tó fi òkèlè gbígbóná sẹ́nu.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Abẹ́ òrùlé kan náà lẹ̀yin méjèèjì wà. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni, kì í ṣe ti ẹnì kan."

"Ọ̀gá, oṣù méje ni mo fi..."

Ẹnudùn gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "Òótọ́ ni, Ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n mi náà ràn mí lọ́wọ́ dáadáa."

Ràn án lọ́wọ́! Ká ní ó pè mí ní òpùrọ́ ni, kì bá tí dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ó fi iṣẹ́ mi ta mí lọ́rẹ, ó bù mí ní ìwọ̀nba tó wù ú, ó tún ń wo ojú mi bóyá n ó dúpẹ́.

"Òun ni yóò lọ ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ yẹn," ni Ọ̀gá wí. "Bó bá yọrí, ṣọ́ọ̀bù kejì di tirẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá bí n ó ṣe san án fún un.

Kò pẹ́ tó fi wá bá mi, ẹnu rẹ̀ ń kán fún oyin. "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí yẹn ńkọ́?"

"Ìwé wo?"

"Háà, ẹ má bínú mọ́ nísinsìnyí. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni."

"Ṣebí ìwọ lo ṣe é? Tún un ṣe."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára báàgì mi mọ́. Ní ọjọ́ kejì, mo ti ibi tí mo ti lọ fọ ife dé, mo bá a tó ń yẹra kúrò nídìí tábìlì mi, tó ń ki fóònù rẹ̀ bọ àpò. Ìwé mi ti kúrò níbi tí mo gbé e sí. Mo wo ojú ewé tó ṣí sílẹ̀: bí a ṣe ń pààrọ̀ bátìrì ni. Kò tíì rí ohun tó ń wá.

Ó máa pa dà wá. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Lójú ọ̀nà ilé, mo ra ìwé mìíràn, ẹ̀yìn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Mo jókòó, mo da gbogbo iṣẹ́ náà kọ sínú rẹ̀. Ìlà kìíní títí dé ìkẹfà, mo kọ ọ́ bó ṣe wà. Mo fo ìlà keje. Èyí tó jẹ́ ìlà kẹjọ tẹ́lẹ̀, tó ní kí a da Linux lé ẹ̀rọ lórí, mo sọ ọ́ di ìkeje. Mo tilẹ̀ da tíì díẹ̀ sí etí ìwé náà kó lè rí bí èyí tó ti pẹ́. Mi ò tíì kọ nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìwé tòótọ́, mo kì í bọ ìsàlẹ̀ aṣọ mi nílé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí ayédèrú náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo tún dìde lọ fọ ife. Ife ọ̀hún kò dọ̀tí o.

Nígbà tí mo dé, Ẹnudùn ń súfèé.

Ohun tí mo rò nìyí: ó máa dán an wò lára ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ yẹn á kú, Ọ̀gá á ní kó ṣàlàyé, àlàyé á há sí i lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀rọ kan péré nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ní ìyẹn kò pọ̀ jù fún oṣù méje mi.

Ọ̀sẹ̀ náà ò parí tí ọjọ́ fi pé. Ẹnudùn ń di ẹrù rẹ̀ láàárọ̀. Ó mú kọ̀ǹpútà ńlá ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì mú àpótí kékeré kan tí èèyàn lè ki wáyà mẹ́sàn-án bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ni mo bi í.

"Ọ̀la làwọn òbí ọmọ ń bọ̀ wá wò ó. Màmá Tíṣà fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ parí lónìí. Mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án ni n ó máa ṣe é."

Kì í ṣe ẹ̀rọ kan mọ́. Ojú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn, bí o tilẹ̀ pa á, àwòrán tó wà lójú rẹ̀ kẹ́yìn kì í lọ. Ojú ewé ìwé tí ọmọ ń kà á ṣì wà níbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Ẹnudùn á máa wo ojú ewé yẹn, á máa rò pé àlàáfíà ni, á yọ mẹ́sàn-án, á tún ki mẹ́sàn-án mìíràn bọ̀. Ìgbà tó bá tan wọ́n ló máa tó mọ̀.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó yíjú pa dà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe é, kí lẹ máa ṣọ́ra fún jù?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó bi mí. Kò fi ẹnu dídùn bi mí. Ẹ̀rù ń bà á, mo sì rí i lójú rẹ̀. Ìlà keje ti dé orí ahọ́n mi. Gbólóhùn kan ni. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ó tún wá ní, "Mi ò sì ní gbàgbé yín ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ọ̀gá tuntun máa nílò igbákejì."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Máa lọ," ni mo wí. "Ṣebí ìwọ lo ṣe é? O ò lè ṣì í ṣe."

Ó jáde. Mo jókòó. Ibẹ̀ ni wákàtí mẹ́rin mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí èrò àwọn ọmọ yẹn bá ti fẹ́ wá sí mi lọ́kàn, mo máa ń rántí ọwọ́ tó gbé lé mi léjìká, inú mi á tún dùn.

Aago méjì, fóònù Ọ̀gá dún.

"Wọ́n ṣe kí ni? Mélòó? Méjìdínlógún!" Ọ̀gá dìde. Wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni àfi tèmi. "Akọ̀wé, gbé ìwé rẹ. A ń lọ."

Yàrá ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò tóbi. Tábìlì gígùn kan ló wà láàárín rẹ̀, ẹ̀rọ ló kún orí rẹ̀. Mẹ́jọ wà lápá kan, tí Ẹnudùn kò tíì fọwọ́ kàn. Méjìdínlógún tó kù dúdú bàìbàì, ọ̀rọ̀ àná lórí ọ̀rọ̀ òní, kò sí èyí tó ṣeé kà. Ẹnudùn jókòó sí kọ̀rọ̀, òógùn bò ó.

Àwọn ọmọ dúró lẹ́bàá ògiri. Ọmọbìnrin kan tó fi awò tó nípọn sójú ti gbé tirẹ̀ nínú méjìdínlógún náà. Ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú ẹ̀rọ náà. Ó nù ún, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún nù ún. Ó rò pé ìdọ̀tí ni.

"Ìwé rẹ dà?" ni Ọ̀gá bi mí.

Mo fún wọn ní ayédèrú. Wọ́n gba fóònù Ẹnudùn, wọ́n wo fọ́tò tó yà, wọ́n fi wé ìwé náà.

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni." Wọ́n kọjú sí i. "Bó bá jẹ́ ìwọ lo ṣe iṣẹ́ yìí, kí lo wá ya fọ́tò ìwé Akọ̀wé sí?"

Ẹnudùn la ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Ẹ ò rí i, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn! Ojú tì í níwájú gbogbo èèyàn. Ohun tí mò ń fẹ́ gan-an nìyẹn, mo sì jẹ̀gbádùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni.

"Ṣùgbọ́n ìwé tìrẹ nìyí," ni Ọ̀gá wí fún mi. "Èyí tí ìwọ ṣe ń ṣiṣẹ́, èyí tó tẹ̀ lé ìwé rẹ ṣe ti kú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Jókòó. Mú ọ̀kan nínú mẹ́jọ tó kù, kí o tẹ̀ lé ìwé rẹ níṣojú mi."

Màmá Tíṣà fi ọwọ́ ara wọn gbé ọ̀kan wá, wọ́n rọra gbé e síwájú mi. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí.

Ọ̀gá ń ka ìwé, mò ń tẹ̀ ẹ́. Ìlà kìíní. Ìkejì. Títí dé ìkẹfà.

"Ìkeje," ni Ọ̀gá wí. "Da Linux lé e lórí."

Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ náà á kú bíi tàwọn yòókù. Ọ̀gá á ní iṣẹ́ náà ni kò dára fún irú ẹ̀rọ wọ̀nyí, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ẹnudùn á jẹ́ olè, èmi á jẹ́ ẹni tí wọ́n jà lólè, ọ̀rọ̀ á parí. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo sí i ni. Mo gbé ìka mi lé e.

Ọmọbìnrin yẹn ṣì ń nu tirẹ̀.

Ìka mi kúrò níbẹ̀. Mo kọ ìlà mìíràn.

"Dúró," ni Ọ̀gá wí. "Kí lo kọ yẹn?"

Fáìlì ojú bọ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo tọ́jú rẹ̀.

"Akọ̀wé, ìlà wo nìyẹn? Kò sí nínú ìwé."

Mo da Linux lé e lórí, mo dá fáìlì ojú pa dà síbi tirẹ̀, mo tan ẹ̀rọ. Lẹ́tà jáde, ó mọ́ tónítóní, ó tóbi tó ìka ọwọ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ẹnudùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ ọ́n! Mo bi yín lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi yín!"

"O jí iṣẹ́ mi!"

"Mo jí i. Ṣé àwọn ọmọ yìí ló bá mi jí i?"

Títí di òní, mi ò tíì rí èsì ọ̀rọ̀ yẹn, inú ń bí mi pé ẹnu rẹ̀ ló ti jáde.

Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ àwa méjèèjì lórí ìdúró. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n gba Ẹnudùn pa dà. N ò mọ oyin tó fi pò ó fún wọn. Wọn ò gbà mí. Ọ̀gá ní olè, àwọn lè ti àpótí mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹni tó lè jókòó kó máa wo ibi tó ń bọ̀, kí ni àwọn fẹ́ tì mọ́ ọn? Mi ò tíì dárí ji Ẹnudùn. Bí mo bá rí i lójú ọ̀nà lónìí, ojú mi á pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi: bí ẹnì kan bá jí iṣẹ́ yín, ẹ pariwo, ẹ kó ẹ̀rí yín jáde, ẹ pe àgbà sí i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín lé yín sẹ́yìn. Ẹ má lọ dẹ pàkúté sójú ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà, torí ẹ ò lè mọ ẹsẹ̀ ẹni tí yóò mú.

Kí n tó kúrò nílé-ẹ̀kọ́ náà, mo ṣe méje tó kù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjìdínlógún, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Màmá Tíṣà jókòó tì mí títí mo fi ṣe tán. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jí, wọ́n bi mí:

"Ẹ̀rọ àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi hàn mí ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ìwọ lo ṣe é ní tòótọ́?"

Láti ọjọ́ tí mo ti parí rẹ̀ ni mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí.

"Èmi ni, mà. Èmi nìkan."

Wọ́n mi orí. Wọ́n kó ẹ̀rọ mẹ́jọ náà jọ sí àyà, wọ́n dìde.

"Ì bá wù mí," ni wọ́n wí, "kó jẹ́ ẹni tó jí i ló ṣe é."